Àṣàkẹ́, Má Jókòó Sórí Àpótí De Ìwé

Madina, Accra
Àárọ̀ Sátidé

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ Ajílété,

Wá ibì kan jókòó sí kó o tó ka èyí, torí ó gùn. Láti àná ni mo ti ń kọ ọ́. Mo ti ya méjì dànù, ẹ̀kẹta rèé. Ara mi le. Orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, kò sì tíì pa mí. Mo fi èyí ṣáájú torí mo mọ̀ pé òun lo máa kọ́kọ́ wá.

O máa béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́ sórí fóònù. A ti sọ ọ́ lórí fóònù, ìwọ náà ò ṣáà gbàgbé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá lo sọ fún mi pé ó ti rẹ̀ ọ́, pé lópin oṣù yìí o máa kọ̀wé sí àwọn ará ọ́fíìsì ìlú tútù yẹn pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ àti ti Abẹ̀ní kúrò nínú ìwé ìgbélùú tẹ́ ẹ ti ń dúró dè láti ọdún mẹ́rin, kó o sì gbé ọmọ rẹ wá bá mi ní Madina. Mo ní Dèjì ọkọ rẹ ńkọ́. O ní kó dúró de tiẹ̀ tó bá wù ú. Mo ní iná fóònù mi ti fẹ́ tán. Irọ́ ni. Mo pa á, mo jókòó sójú kan náà, mo sunkún.

Jẹ́ kí n má purọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀kejì: inú mi dùn nínú ẹkún yẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti ń ro ibi tí màá tẹ́ ẹní Abẹ̀ní sí. Ọdún mẹ́fà rèé tí mi ò tíì fojú kàn ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Abẹ̀ní, mi ò tíì gbé e pọ̀n rí. Nígbà míì tí mo bá ń ká aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń ká ìró kan sí ẹ̀yìn mi bí ẹni tó fẹ́ pọnmọ, mo sì máa ń tú u kí àwọn oníbàárà tó rí mi. Bí àárò yín ṣe ń sọ mí nìyẹn. Inú dídùn yẹn wá ń bà mí lẹ́rù, torí mo mọ̀ pé ti ara mi ni mò ń rò, mi ò ro tìẹ. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ pé o ń gbọ́ ọ ju bó o ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo jẹ́ kí Twi ilé ìwé gba ẹnu rẹ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tèmi, Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni. Ó lè ta aṣọ, kò lè gbé irú ẹrù yìí. Máa kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, kí Abẹ̀ní náà máa gbọ́. Ibi tó bá le, pè mí. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni màá yà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, màá sì ṣọ́ àtàǹpàkò mi kó má wọ inú ẹ̀ bíi tọjọ́sí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dúró de ìwé láyé. Ìdílé wa ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìjọba ayé ìgbà yẹn ní kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana, tí wọ́n sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi, bàbá àgbà rẹ tó ò mọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nígboro Accra tó ti ń ta wọ́rọbọ: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, ìyarun. Ó ti kọ̀wé béèrè fún ìwé náà. Wọ́n ní kó máa retí. Ó retí títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé, ìwé ò jáde, la bá kó sínú lọ́rì. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ó sọ fún Maame Dede, obìnrin Gã tó ń ta kẹ́ńkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, pé kó bá òun máa fojú sí ilẹ̀kùn náà, pé ìwé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, òun ò ní pẹ́ padà.

A dé Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fún un ní yàrá méjì nínú agbo ilé wa, kò rẹ́ ògiri wọn. Wọ́n fún un nílẹ̀, kò gbin nǹkan kan sí i. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣé mo máa pẹ́ níbí ni?" Àpótí páànù ńlá kan wà tá a gbé ti Accra bọ̀. Abọ́ tánganran méjìlá tí ìyá mi ti ń kó jọ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú àwọn aṣọ tó dáa jù tí àwọn méjèèjì ní. Bàbá mi ò jẹ́ ká ṣí i. Ó ní ẹni tó ń lọ kì í tú ẹrù. Orí àpótí náà ló máa ń jókòó sí tó bá ń jẹun. Àwa ọmọ ń fi igbá tó ti sán jẹ̀kọ, abọ́ méjìlá wà lábẹ́ ìdí bàbá wa.

Ọdún mẹ́tàdínlógún, Àṣàkẹ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi jókòó sórí àpótí yẹn, ibẹ̀ ló sì wà tí àìsàn fi mú un. Lọ́jọ́ tá a sin ín, àlejò pọ̀, abọ́ ò tó. Ìyá mi ní kí n lọ ṣí àpótí. Aṣọ inú ẹ̀ ti di lẹ́búlẹ́bú, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tán, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló ń já bọ́. Àwọn abọ́ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà wọ́n. Oúnjẹ ìsìnkú bàbá mi ni oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa fi abọ́ yẹn jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé mo ti rí àpótí bàbá mi nílé rẹ. Ṣé o rántí ọjọ́ tí Abẹ̀ní gbé fóònù rìn káàkiri ilé, tó ní òun ń mú Màmá àgbà ṣeré? Ògiri yín funfun báláú, kò sí àwòrán kan ṣoṣo níbẹ̀. Báàgì mẹ́ta àti páálí tẹ́ ẹ gbé ré òkun ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo bi ọmọ pé ibo ló ń sùn, ó ní àárín Dádì àti Mọ́mì. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò ra bẹ́ẹ̀dì fún un. O ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí ìwé jáde ná." Wọ́n pè ọ́ síṣẹ́ tuntun tó sàn ju èyí tó ò ń ṣe lọ, o ní kí ìwé jáde ná. O fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, kí ìwé jáde ná. Ojú bàbá mi ni mo rí lójú rẹ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà ìmọ̀ràn kìíní rèé, tó ò bá sì lè gba ìyókù, gba èyí: tú ẹrù. Ra bẹ́ẹ̀dì fún ọmọ. Kan ìṣó mọ́ ògiri, onílé ò ní torí ìṣó pa ọ́. Gba iṣẹ́ tuntun yẹn bí òfin wọn bá fún ọ láyè, kó o sì kọ́ ọkọ̀ wíwà. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa lọ lọ́la, ẹ ta bẹ́ẹ̀dì, tàbí kẹ́ ẹ fi tọrẹ. Ìwé wà lọ́wọ́ àwọn tí ò lè pe orúkọ rẹ dáadáa, wọ́n lè fà á bó ṣe wù wọ́n. Ìgbà èwe Abẹ̀ní ò sí lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tó lè bá ọ dá a dúró títí ìwé máa fi jáde.

Ó ku tèmi. Má rò pé bàbá mi nìkan ló ṣìwà hù.

Nígbà tí bàbá mi ti kú tí ọdún sì ti yí ká, mo ti di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ kọ́, ìyá mi fún mi ní mẹ́ta nínú abọ́ náà, mo wọ lọ́rì padà sí Accra. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, ọ̀nà ti gba ibẹ̀ kọjá. Maame Dede ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ńkẹ́ rẹ̀. Ó wò mí títí, ó fi orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ pè mí, ó ní, "Ọmọ Alata, ojú bàbá rẹ lo gbé wá yìí. Òun náà dà?" Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Yàrá rẹ̀ ni mo sùn fún oṣù mẹ́jọ, òun ló sì mú mi mọ àwọn tó kọ́ mi ní òwò aṣọ. Èmi náà kọ̀wé béèrè fún ìwé ìgbélùú. Wọ́n ní kí n máa retí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi retí, ìwà òmùgọ̀ tí mo hù láàárín ọdún mẹ́rin yẹn ò ṣeé fẹnu sọ tán.

Àkọ́kọ́ ń pa mí lẹ́rìn-ín báyìí, kò pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọkùnrin kan máa ń dúró lábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì náà, irú àwọn alágbàṣe ìwé tí wọ́n ń pè ní goro boy títí dòní. Ó ní òun mọ ẹnì kan nínú lọ́hùn-ún tó lè bá mi fa fáìlì mi sókè. Mo gbé ọ̀pá mẹ́fà fún un nínú àǹkárá tó dáa jù lórí tábìlì mi. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo rí àǹkárá mi ní ọjà Makola. Ìyàwó ọkùnrin náà ló wọ̀ ọ́, wọ́n sì jọ ń rìn bọ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo kí ìyàwó, mo ní aṣọ náà yẹ ọ́. Ó ní ọkọ òun ló rà á fún òun. Mo ní ọkọ rẹ mọ nǹkan tó dáa.

Nítorí náà, ẹni tó o sọ pé ó fẹ́ bá yín ti ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn, sá fún un. Agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ ni kó o bi léèrè. Ẹni tó bá mọ ẹnì kan nínú lọ́hùn-ún, òun àti ẹni náà ni kí wọ́n jọ máa ṣe é lọ.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló kàn, má sì bá Dèjì jà, èmi ni mo fi ọgbọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní kó o tó bọ́jú láàárọ̀ lo ti máa ń yẹ ìwé yín wò lórí fóònù, pé o tún ń yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́, pé ọjọ́ tó bá ti wà bó ṣe wà lánàá, o kì í bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ta lo jọ? Èmi náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn oníbàárà mi tó ń ti Tema wá ra ọjà lọ́jọ́ Ajé bá ilẹ̀kùn ní títì títí wọ́n fi wá ẹlòmíì. Maame Dede ló sọ̀rọ̀ sí mi. Ó ní, "Tí mo bá ń ṣí ìkòkò kẹ́ńkẹ́ wò ní gbogbo ìgbà, kì í tètè jinná. Padà sídìí ọjà rẹ." Mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ dáa, yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, pa á dé. Wọn ò ní torí pé o ń wò ó ṣe é kíákíá.

Èyí tó tẹ̀ lé e, àwa Yorùbá nìkan ló lè ṣe é. O mọ̀ pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ ìrìnàjò àti ìwé síta. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé ayé ò fẹ́ ni fọ́rọ̀, pé ó dìgbà tá a bá débẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń retí, mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú ìjọ wa. Lọ́jọ́ kan, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yẹn, mo pàdé Ìyá Bísí, ẹni tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo ní mo wá kí ẹbí mi kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun wá wo ẹni tó ń ta ẹyin ní ẹ̀yìn ilé náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e a tún pàdé. Mo ní ẹbí mi yẹn ni, ara rẹ̀ ò yá. Ó ní ẹyin ti ọjọ́sí fọ́. Ọdún kan gbáko la fi purọ́ fún ara wa lórí ẹyin àti ẹbí, tá a sì ń dúró ti ara wa kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi, kí òjò ńlá kan tó ká àwa méjèèjì mọ́ abẹ́ òrùlé wọn, tí Ìyá Bísí bú sẹ́kún, tó ní, "Arábìnrin, mi ò ra ẹyin kankan." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá lọ lọ́sẹ̀ yìí, mo ń bá a béèrè tiẹ̀. Bó bá lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó ń bá mi béèrè tèmi. Ẹrù náà fúyẹ́ sí ìdajì.

Ìwọ náà sọ fún mi pé àwọn ará ìjọ yín níbẹ̀ rò pé ìwé yín ti jáde tipẹ́, pé o kàn máa ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá bi ọ́. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mi ò ní kó o gun orí àga kéde. Wá ẹnì kan tàbí méjì tó lójú àánú, kó o sọ fún wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó jókòó tì ọ́ náà máa ra ẹyin.

Àṣàkẹ́, mo ti ń yẹra fún èyí tó kù láti òkè. Mo ti dìde bu omi mu lẹ́ẹ̀mejì.

O mọ ìtàn ìyá mi. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ nígbà tí mò ń dì ọ́ nírun, bóyá ó yẹ kí n tiẹ̀ ti jẹ́ kó o dàgbà sí i ná. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi ránṣẹ́ sí mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àkọ́kọ́, ó ní kí n wá jẹ iṣu tuntun. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, kí n wá kí òun ṣì lè rí mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò béèrè nǹkan kan, ó ní kí wọ́n ṣáà bá òun kí mi. Èsì kan náà ni mo fún wọn nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ sọ fún un pé ìwé mi ò ní pẹ́ jáde, mò ń bọ̀. Àwọn kan ní ọjà sọ pé bí mo bá jáde kúrò nílùú, wọ́n á da fáìlì mi nù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìgbéraga ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ mú ìwé tí bàbá mi ò rí gbà wọ agbo ilé wa, kí n tẹ́ ẹ síwájú ìyá mi, kí gbogbo wọn wá wò ó.

Ìyá mi kú. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìwé jáde. Mo gbà á, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì náà, mo ń wò ó. Mi ò mọ ẹni tí màá fi hàn.

Mo mọ̀ pé ìtàn yìí ló ń lé ọ bọ̀ wálé. O gbọ́ pé orúnkún ń dùn mí, ọkàn rẹ lọ síbi àtẹ̀gùn yẹn. O ń sọ nínú ara rẹ pé o ò ní ṣe ohun tí Màámi ṣe. Ọmọ dáadáa ni ọ́, ojú mi ò ní rí ibi lára rẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kan tí èmi gan-an ò rí, àfi lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo pa fóònù lé ọ lọ́wọ́.

Láti ọdún gbọọrọ yìí ni mo ti ń bú ara mi pé mi ò lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ kan rí pé lọ́rì tó ń gbé iṣẹ́ ìyá mi wá fún mi ní àyè tí òun fúnra rẹ̀ lè jókòó sí. Ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa. Ìyá mi gbé Accra ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó mọ ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé e nígbà náà. Àlejò tó fẹ́ wá kí ọmọ rẹ̀ kí ó sì padà, ìwé ìgbélùú kí ló fẹ́ fi ṣe? Òun ní kí n wá, èmi ní mò ń bọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì tó ronú pé, "Ìyá, ẹ ò ṣe máa bọ̀?"

Ìwọ ronú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ní kí n wá. O ní kí n wá bá ọ tọ́jú Abẹ̀ní nígbà tó o fẹ́ bí i. O tún sọ ọ́ nígbà tó pé ọdún kan, o sì sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá. Mo ní orúnkún, mo ní ta ló máa dúró ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní òtútù yẹn á pa mí. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Orí àtẹ̀gùn yẹn ni mo ti búra pé láyé mi, mi ò tún ní dúró níwájú ọ́fíìsì kankan nítorí ìwé. Bàbá mi retí, èmi náà retí, ó tó. Ìbúra yẹn ni àpótí tèmi, mo sì ti jókòó sórí ẹ̀ títí ọmọ ọmọ mi fi pé ọdún mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo dìde. Mo wọ trotro ní Madina, mo lọ sígboro, sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ìrìnàjò sí ìlú yín. Ayafọ́tò ní kí n ṣí gèlè, kí n yọ yẹtí, kí n má rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyẹn ò le. Ọmọbìnrin tó gba fọ́ọ̀mù mi fi Twi bi mí pé, "Maame, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Mo ní, "Mo fẹ́ lọ gbé ọmọ ọmọ mi pọ̀n." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ pé ìbẹ̀wò. Ó fún mi ní nọ́ńbà, ó ní, "Maame, ó lè pẹ́ o. Ẹ lọ sílé, ẹ máa retí, a máa pè yín." Ẹ̀rín pa mí débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tiwọn náà, mo sinmi orúnkún mi díẹ̀, mo wọ ọkọ̀ padà sílé. Kò pa mí. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, èmi òkété yìí ló ń bá ọmú ṣe kèéta.

Nítorí náà má kọ lẹ́tà yẹn sí wọn. Má yọ orúkọ rẹ, má yọ ti Abẹ̀ní, má sì fi Dèjì sílẹ̀ sínú òtútù lóun nìkan. Tó bá jẹ́ pé ìlú yẹn gan-an lo ò fẹ́ mọ́, tí ìwọ àti ọkọ rẹ jọ jókòó sọ ọ́, tẹ́ ẹ sì fohùn ṣọ̀kan, ẹ máa bọ̀, ilẹ̀kùn mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe wá torí pé ò ń bẹ̀rù ikú mi. Èmi náà ò ní dúró sójú kan dè é.

A ti di méjì lórí ìlà báyìí. Tó o bá yẹ tìẹ wò nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, pè mí, kí n sọ tèmi fún ọ, ká jọ bú wọn díẹ̀, lẹ́yìn náà kó o gbé Abẹ̀ní fún mi. Bí tìẹ bá kọ́kọ́ jáde, ìwọ ni kó o gbéra. Bí tèmi bá kọ́kọ́ jáde, mò ń bọ̀. Mẹ́ta tí ìyá mi fún mi nínú abọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, Abẹ̀ní ló ni wọ́n. Mi ò tíì dì wọ́n o. Èyí tó tóbi jù ni mo fi jẹun láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè mí ni màá fọ̀ wọ́n, tí màá kó wọn sínú báàgì.

Bẹ́ẹ̀dì ọmọ yẹn, lọ rà á lọ́sẹ̀ yìí. Má ra kékeré. Mo máa ń yíra púpọ̀ lójú oorun.

Èmi ni,
Màámi rẹ